Ọjọ́ tí Ilé Dìde fún Dúdú

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

Gbọ̀ngàn tuntun ti wó.

Ìjókòó Ilé Aṣòfin ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Aṣòfin kan ń ka ìpinnu ìyìn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ti dé ibi tó ti ń pè é ní òpómúléró gbogbo ilẹ̀ wa, ni ilẹ̀ bá mì tìtì. Omi inú ife wọn dà sórí tábìlì. Olórí Ilé wo àjà díẹ̀, ó ní kí aṣòfin máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ó sì kà á délẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀ la tó gbọ́ igbe láti ẹ̀yìnkùlé.

Èmi tí mo ń bójú tó ìlànà ètò Ilé, mo sáré jáde tìbọ̀wọ́tìbọ̀wọ́. Eruku funfun ti bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn. Dúdú wà nínú ẹ̀. Dúdú ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí mo máa ń pè ní ọkọ mi, tó ń tẹ irin òpó níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Mo bẹ ọlọ́pàá kó jẹ́ kí n kọjá, mo ní ọmọ mi wà lábẹ́ ibẹ̀. Ó ní, "Mà, ọmọ ọlọ́mọ ló kún abẹ́ ibẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn."

Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọ́n ti gbé mẹ́ta jáde. Kò sí ẹni tó mí nínú wọn. Dúdú ò sí lára wọn.

Àbúrò mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá géètì ẹ̀yìn láti àná. Mo gbé tíì lọ fún un, ó gbà á, ó gbé e sílẹ̀, eṣinṣin kó sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé. Ẹ̀yin lẹ lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú lọ́hùn-ún." Mo wọlé. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú lọ́hùn-ún ni bóyá kí ìdánrawò àjọ̀dún ìdásílẹ̀ Ilé wáyé nínú àgbàlá tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí iwájú ilé, nítorí eruku.

Mo lọ gbàyè lọ́wọ́ Akọ̀wé Àgbà. Mo ní ọmọ mi wà lábẹ́ gbọ̀ngàn. Ó dìde lórí àga, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lọ́mọ ọkùnrin. Mo ní mo lọ́mọ. Ta ló ń dúró ṣàlàyé ẹbí nínú irú wàhálà yẹn?

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n rí i láàárọ̀ yìí. Bàtà ẹ̀ ni àbúrò mi fi dá a mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

A sin ín lánàá. Èmi tí mo ń ṣètò ìsìnkú àwọn ààrẹ àná, tí mo mọ ẹni tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún pósí àti ẹni tó yẹ kó wà lósì, mi ò mọ ibi tí màá dúró sí. Àbúrò mi ló fà mí lọ́wọ́.

Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Èyí tó jẹ́ kápẹ́ńtà nínú wọn, tí wọ́n fi báńdéèjì wé lọ́wọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò mi.

"Màmá, ẹ má bínú sí wa. Kọnkéré yẹn ò tíì gbẹ. A sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù wá láti inú Ilé, ó ní kí á tú pákó tó gbé e dúró, pé àwọn tó ń ya fọ́tò ń bọ̀, Olórí Ilé fẹ́ ya fọ́tò lábẹ́ òrùlé tuntun kí àjọ̀dún tó dé. A ń kó pákó jáde lọ́wọ́ ló fi wó."

"Ta lọ̀gá náà?"

"A ò mọ orúkọ ẹ̀, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn la rí i. Ṣùgbọ́n tí a bá tún rí i, a máa dá a mọ̀."

Àbúrò mi ń sunkún, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò béèrè nǹkan púpọ̀. Mi ò ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Ta ló ní kí wọ́n tú pákó? Kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí n fi etí mi gbọ́ ọ." Láti àná ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yí nínú orí mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Aṣòfin kan ti gbé àbá ìwádìí wá. Obìnrin ni, inú ẹgbẹ́ tó kéré ló wà, Onígíláàsì ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é nítorí gíláàsì ojú ẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó fẹ́ kí Ilé jókòó ní gbangba, kí wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe, kí wọ́n pe gbogbo ọ̀gá nínú Ilé tó fẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì wá nawọ́ sí ẹni tó pàṣẹ. Ilé gbóná. Ẹnì kan pariwo pé ṣé kí Ilé wá de ara ẹ̀ lókùn ni. Olórí Ilé nìkan ni kò bínú, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní òun á fún un láàyè ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, lọ́sàn-án, lẹ́yìn ètò àjọ̀dún.

Wọ́n ti fi aṣọ ńlá kan bo òkìtì tó wó náà. Àwòrán gbọ̀ngàn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára aṣọ, òdòdó wà níwájú ẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere lẹ́yìn ẹ̀. Baba Ọ̀pá tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ dúró tì mí wò ó. Ó ní, "Wọ́n ti kọ́ ọ tán nìyẹn. Eléyìí ò lè wó, àfi kó ya." Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi sí ara mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Akọ̀wé Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Olórí Ilé fúnra ẹ̀ ló máa gbé ìpinnu kan wá láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, kí Ilé fi àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó kú jẹ Akọni Àjọ̀dún, kí Ilé sì dìde fún wọn. Ó ní, "Màmá Ìlànà, ẹ̀yin lẹ mọ Ìdúró ṣe. Ẹ bá wa ṣe é kó wúni lórí."

Mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Mo ti ṣètò ẹ̀ fún ààrẹ, fún ọ̀gágun, fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já. Òkú tí Ilé bá ti dìde fún, tí ẹbí ẹ̀ ti gba ìwé ìpinnu lọ́wọ́ Olórí Ilé, tí ó sì ti wí pé "Ilé ti ṣe é fún wa," ọ̀rọ̀ òkú yẹn ti parí. Aṣòfin kankan ò tún gbọ́dọ̀ la ẹnu lé e títí wọ́n á fi dìbò yan Ilé mìíràn. Àwọn àgbà tó gbé ìlànà náà kalẹ̀ ò fẹ́ kí olóṣèlú máa gbé òkú olókùú kiri láti fi tọrọ ìbò. Ìlànà tó dáa ni. Èmi náà ti máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé ó dáa.

Ìdúró láàárọ̀, àbá Onígíláàsì lọ́sàn-án. Kò sí ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi wà lára wọn."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ ẹ̀yin." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe mí lóore.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ni adìyẹ, èmi náà ni okùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Owó ọkọ̀ ti tún lé. Ìbọ̀wọ́ tuntun dé, ó fún mi lọ́wọ́. Mo kọ ìpinnu náà láàárọ̀, mo ya á lọ́sàn-án, mo tún un kọ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ bá àbúrò mi níbi iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́. Orí àga ọmọdé ló jókòó sí, orókún ẹ̀ ga dé àyà, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù àwọn ọmọ. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Ìdúró fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó ní, "Ìwé tí wọ́n fẹ́ fún mi yẹn, ṣé orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n tú pákó wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Kí ló wá wà nínú ẹ̀?"

Mo kà á fún un láìwòwé, torí èmi ni mo kọ ọ́. "Níwọ̀n bí àwọn akọni wọ̀nyí ti tìfẹ́tìfẹ́ fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ fún ògo Ilé yìí..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Dúdú ò fi nǹkan kan lélẹ̀. Nǹkan ló wó lé e."

Ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù kan títí ó fi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà yìí o."

Àfi bí ìgbà tí ẹnì kan gbá mi létí, ni mo rántí ọdún tí omi ya wọ ìlú. A ti ṣètò Ìdúró fún adájọ́ àgbà kan, gbogbo Ilé ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ẹbí ò rọ́nà wá. A dúró dè wọ́n, a dúró, wọn ò dé. Kò sẹ́bí, kò sí Ìdúró. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò ọjọ́ náà, wọn ò sì dá a padà mọ́ dòní.

Mo ní, "Má wá. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà má yọjú, ẹnì kan ṣoṣo ti tó wọn. Tí wọn ò bá rí ẹbí tó máa gbà á, Ìdúró ò lè dúró, àbá Onígíláàsì á sì wọlé."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó mú búrẹ́dì tó wà nínú àpò ẹ̀ jáde, ó bù ú fún mi, òun náà jẹ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò rí i kó jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Àbúrò mi ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé gbogbo wọn nínú òjò. Gbogbo wọn gbà, ó ku bàbá ọmọ akunlé kan tó kú pẹ̀lú Dúdú. Bàbá náà ní òun ò ní fọ́tò ọmọ òun kan ṣoṣo, pé ìwé tí Ilé bá kọ orúkọ ẹ̀ sí lòun fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri, kí òun rí nǹkan máa wò. Ta ló máa bá a wí? Àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí simẹ́ńtì tútù títí bàbá náà fi ní kó dìde, pé òun náà ò ní lọ.

Mo ní kó káre. Mo sùn dáadáa.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìdánrawò. Odidi àwọn aṣòfin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde. Ọ̀kan ní orókún òun ò gbà kí òun yára, ṣé kí òun kúkú ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀. Òmíràn fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n máa wà, kó lè mọ ẹ̀gbẹ́ ojú tó máa fà ro. Àwọn méjì ń jà lórí ẹni tó máa nu ojú lẹ́yìn ẹlòmíràn. Baba Ọ̀pá bá mi sọ ọ́ létí pé, "Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn."

Mo to àga mẹ́fà síbi ìjókòó àlejò lókè fún àwọn ẹbí, mo mú kí wọ́n gún régé, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Nígbà tó kan gbígba ìwé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ni èmi fúnra mi bá dúró síbẹ̀ fi hàn wọ́n. Ọwọ́ méjèèjì, ìtẹríba, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, "Ilé ti ṣe é fún wa."

Olórí Ilé mi orí. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Akọ̀wé Àgbà. Òun kàn ń wò mí ni. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo fọ ojú mi, mo padà wá bá wọn parí ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Onígíláàsì dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. "Mà, kápẹ́ńtà yẹn àti ẹnì kejì ẹ̀ ti gbà láti wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti tán fún wọn níbí, tí oṣù tuntun bá wọlé wọ́n á ti fọ́n ká. Tí àbá yìí bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó parí nìyẹn. Ilé mìíràn di ọdún mẹ́rin."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, ẹbí kankan ò ní wá.

"Ẹ ṣọ́ra o, Mà. Àwọn èèyàn yìí kì í fi àga sílẹ̀ lófìfo."

Mo ní èmi ni mo ń to àga.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo tún un lọ̀. Ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Oòrùn mú láti àárọ̀. Àwọn ológun ń fun fèrè níwájú ilé, àwọn ọmọ ilé-ìwé tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń ju àsíá. Àwọn kan dákú nínú wọn, a gbé wọn sí abẹ́ igi. Baba Ọ̀pá ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ lórí èjìká, Olórí Ilé tẹ̀ lé e nínú aṣọ oyè tí ènìyàn méjì ń bá a gbé ìdí ẹ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì yẹn la gbà kọjá. Atẹ́gùn gbé ìdí aṣọ tó bò ó sókè, irin yọ jáde, ó tẹ̀, ó ti ń dípẹtà. Irin tí Dúdú tẹ̀. Fèrè ò dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Nínú ilé, ìpinnu ń tẹ̀ lé ìpinnu. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá Ilé sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olórí Ilé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Olórí Ilé pé ó bí i. Èmi ń wo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lókè. Òfìfo ni wọ́n. Inú mi ń dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi ń dùn wọ̀ọ̀.

Olórí Ilé kéde Ìdúró. Ó ka ohun tí mo kọ, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ó mọ ọ̀rọ̀ kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Orúkọ ìwé ni wọ́n fi pe Dúdú, kò dún bí ẹni tí mo mọ̀. Ó wá ní, "Kí àwọn ẹbí bọ́ síwájú."

Kò sẹ́ni tó mira. Olórí Ilé wo òkè. Àwọn aṣòfin ń wo ara wọn. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún mo rí Onígíláàsì tó ti mú ìwé àbá ẹ̀ dání. Mo ń sọ nínú mi pé, ó tán, ó tán, wọ́n máa yọ ọ́.

Akọ̀wé Àgbà dìde. Ó rìn lọ bá Olórí Ilé, kò kánjú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Olórí Ilé yíjú sí ibi tí mo dúró sí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ọ̀fọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó pàdánù ọmọ wà láàárín wa níbí. Ó gbé ọ̀fọ̀ mì, ó ń bá wa ṣiṣẹ́. Màmá Ìlànà, ẹ bọ́ síwájú."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ mi, ọmọ mi, ni mo ń ké káàkiri ọ́fíìsì. Kì í sì í ṣe irọ́. Ta ló ní ọmọ àbúrò tí kì í pè é lọ́mọ? Mo ro ti ìyá ẹ̀, mo ro ti bàbá akunlé, mo ro ti gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ro ti ara mi. Èmi ni ẹbí tí mo gbàgbé láti sọ fún pé kó má wá.

Gbogbo Ilé dìde. Baba Ọ̀pá wò mí, ó mi orí díẹ̀ pé rárá. Olórí Ilé na ìwé náà sí mi nínú férémù ẹ̀. Ọwọ́ mi ti nà kí n tó mọ̀. Ọwọ́ méjèèjì. Mo tẹrí ba. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo ní, "Ilé ti ṣe é fún wa." Ohùn mi dé ẹ̀yìn pátápátá, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kó dé.

Lọ́sàn-án, Onígíláàsì dìde pẹ̀lú àbá ẹ̀. Olórí Ilé ní, "Ilé ti dìde fún un." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Akọ̀wé Àgbà sìn mí dé géètì. Òun fúnra ẹ̀ ló bá mi gbé férémù náà. Kápẹ́ńtà àti ẹnì kejì ẹ̀ wà níta, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé láti àárọ̀. Kápẹ́ńtà rí wa. Ó dìde lórí búlọ́ọ̀kù tó jókòó sí, ó na ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé yẹn sí Akọ̀wé Àgbà.

"Màmá. Màmá, òun nìyẹn."

Akọ̀wé Àgbà gbé férémù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi, Màmá. Ẹ ti gbìyànjú."

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Irọ́ ni mo kọ lánàá. Mo ní ọwọ́ mi nà kí n tó mọ̀. Mo mọ̀. Àyè wà láti ronú, mo sì ronú. Mo ro ọdún díẹ̀ tó kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo ro ilé tí mo ń gbé, tó jẹ́ ti Ilé. Mo wo gbogbo ojú yẹn tó kọ sí mi, ẹ̀rù bà mí, mo wá nawọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní bí mo ṣe gbà á wú gbogbo ènìyàn lórí. Àbúrò mi ò gbé fóònù ẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kò gbé e.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn nígbà tí òjò dá. Òun ni. Kì í kan ilẹ̀kùn mi, ó máa ń ṣí i wọlé ni. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kí àwọn ẹlòmíràn níbi ọ̀fọ̀ ló wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi ní kó wọlé. Ó bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín."

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mo tiẹ̀ ń retí ẹ̀. Mo ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Àbúrò mi, dìde nílẹ̀." Ó dìde, ó jókòó sí etí àga, ó ká ọwọ́ lé itan, bí àwọn tó wá bá ni kẹ́dùn ṣe máa ń jókòó. Mo ti kọ ojú férémù náà sí ògiri. Ó rí i, ó gbójú kúrò.

Mo ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé Àgbà ni. Òun ló ní kí wọ́n tú pákó. Kápẹ́ńtà nawọ́ sí i lójú mi. Ṣé o gbọ́? Akọ̀wé Àgbà ni."

Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ojú ẹ̀ ò yí padà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ lẹ mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe."

Ó tún jókòó díẹ̀, kó má bàa dà bí ẹni pé ó ń kánjú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wá bàtà ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

Mo ṣe àmín.